Ẹni Tó Fi Ẹnu Pa Ráfẹ́lì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan: bí afọ́jú bá fa ojú ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, tó ní kí ẹ máa bá òun wo ayé, kí lẹ máa fi ojú náà ṣe?

Ẹ má tíì dáhùn. Evelyn náà yára dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bi í.

Evelyn tí mò ń sọ yìí, Àgùdà ló ń gbé, nílé ìyá ọkọ rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá èèyàn pariwo. Kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, òun sì ni ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí fíkà bá ń wàásù ní gẹ̀ẹ́sì, Evelyn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbà. Àwọn ìyá ìjọ a máa wí pé, "Ti Evelyn yàtọ̀. Ohun tí fíkà ò bá sọ, kò ní tẹnu ẹ̀ jáde."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Alábọ́, torí abọ́ tánńganran ló ń tà l'Ọ̀yìngbò títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àìsàn kan rọra jí ojú yẹn gbé ni, díẹ̀díẹ̀, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá jí, tó ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Oòrùn ti kún inú yàrá.

Ọjọ́ yẹn ló di ọwọ́ Evelyn mú.

"Ìyàwó, ojú ẹ ni mo máa fi ríran báyìí. Ohun tó bá rí ni kó o sọ fún mi. Má bù kún un, má bù ú kù."

"Mọ́mì, ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi máa sọ. Mo ṣèlérí fún yín níwájú Ọlọ́run."

Ó kọ́kọ́ mú ìlérí náà ṣẹ. Kò sí ohun tí Màmá bi í tí kì í sọ, títí kan aṣọ tó wà lọ́rùn àlejò.

"Kí ni Sàúdátù wọ̀ lónìí?"

"Búbá aláwọ̀ ewé ni, Mọ́mì. Ó fún un díẹ̀."

"Mo mọ̀! Mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń mí látìgbà tó ti wọlé."

Sàúdátù, aládùúgbò wọn tó ń ránṣọ nílé kejì, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Alábọ́, ojú yín ló lọ o, ẹnu yín ò lọ síbì kankan!"

Ọmọkùnrin méjì ni Màmá bí. Ambrose, ọkọ Evelyn, ni ẹ̀gbọ́n. Dayọ̀ ni àbúrò. Dayọ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, ó ní òun máa ti ibẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ó pe ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má pààrọ̀ nọ́ńbà yín o. Nọ́ńbà yín nìkan ló wà lórí mi." Látìgbà náà, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ohun méjì ni Màmá wá ń tọ́jú bí ẹyin. Àkọ́kọ́ ni fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó máa ń wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tí iná kì í tán lára rẹ̀ láé. Èkejì ni yàrá Dayọ̀. Títì ni yàrá náà máa ń wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí okùn lọ́rùn Màmá, àti nínú balùwẹ̀ àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Eré kan wá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, tí gbogbo òpópónà wọn ń wò ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n wá fi gẹ̀ẹ́sì bo èdè tiwọn mọ́lẹ̀. Ìtàn opó kan tó ń jẹ́ Felisíta ni, tó ń gbé létí òkun. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ráfẹ́lì, bá ọkọ̀ ojú omi lọ síṣẹ́, kò sì tíì padà. Felisíta kì í ti ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀, kí ọmọ má bàa dé kó bá a ní títì.

Ẹ ti mọ ìdí tí Màmá fi fẹ́ràn eré náà nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì tí Màmá gbọ́ ò ju kí ó kí èèyàn lọ. Evelyn ló ń túmọ̀. Á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá ọkọ rẹ̀, á máa sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, bí ojú Felisíta ṣe rí. Sàúdátù á jókòó sílẹ̀, á máa ṣẹ́ ẹ̀pà jẹ. Màmá á sì máa bá tẹlifíṣàn sọ̀rọ̀.

"Felisíta, ṣe sùúrù. Ọmọ yẹn ń bọ̀."

"Màmá, kò kúkú gbọ́ yín," ni Sàúdátù á wí.

"Ìwọ jẹ ẹ̀pà ẹ. Ìyá sí ìyá la jọ ń sọ̀rọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Màmá gbá ọwọ́ lé itan Evelyn. "Ìyàwó, gbọ́ mi. Ọjọ́ tí Ráfẹ́lì bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, Dayọ̀ mi náà ń bọ̀ nìyẹn. Èmi àti Olúwa mi la jọ sọ ọ́."

Evelyn ní, "Àmín, Mọ́mì." Ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá nígbà náà.

Tiwalọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Evelyn bí, ló kó ìdẹwò wọlé, láìmọ̀. Ọmọbìnrin náà ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kọ̀ǹpútà kan ní Yábàá, síbẹ̀ orí àga gígùn ní pálọ̀ ló ń sùn. Inú balùwẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bí àlejò bá pẹ́, á jókòó máa tòògbé títí wọ́n á fi lọ. Bẹ́ẹ̀, yàrá kan wà lẹ́yìn ògiri tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀.

Evelyn wá kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, Tiwa ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kó máa sùn ní yàrá Dayọ̀. Bí Dayọ̀ bá dé, á kó ẹrù ẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ta ló sọ fún ẹ pé yàrá yẹn ṣófo?"

"Mọ́mì, ó ti pẹ́..."

"Evelyn! Ọmọ tìẹ wà nílé, o ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun lálaalẹ́. Ìwọ kọ́ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró de ọmọ."

Evelyn bá dìde. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀. Ambrose ní, "Ilé Mọ́mì ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ó sì yí ojú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ ìhanrun yẹn ló wọ Evelyn lára. Ó ń ró lórí rẹ̀ bó ṣe ń fọ abọ́, bó ṣe ń gbálẹ̀, títí aago méje fi lù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni ìjì jà nínú eré. Sàúdátù ò sí níbẹ̀, ó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Mushin. Màmá àti ìyàwó ilé nìkan ló jókòó. Àwọn apẹja fa ọkọ̀ Ráfẹ́lì wá sí èbúté, òfìfo. Fìlà rẹ̀ léfòó lórí omi. Felisíta wólẹ̀ sórí iyanrìn, ó ké. Wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn pé apá kìíní eré parí síbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Màmá ti gbọ́ igbe náà. Ó ti jókòó ṣánṣán.

"Kí ni, Ìyàwó? Kí ni wọ́n rí?"

"Wọ́n rí ọkọ̀ ẹ̀, Mọ́mì."

"Òun náà ńkọ́?"

Ì bá ti parí síbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ì bá ti sọ pé wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́rùn Màmá.

"Wọ́n rí i, Mọ́mì. Ó ti kú."

"Ṣé ó dá wọn lójú pé òun ni? Ṣé wọ́n rí ojú ẹ̀?"

"Ẹja ti jẹ ojú ẹ̀. Aṣọ ọrùn ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ fi dá a mọ̀."

Ta ló bi í léèrè ẹja? Ẹnikẹ́ni ò bi í. Ẹja yẹn, Evelyn fúnra rẹ̀ ló pa á, òun ló sè é, òun ló bù ú fún ìyá arúgbó.

Ó wí fún ara rẹ̀ pé eré ni. Ráfẹ́lì tiẹ̀ ti kú lóòótọ́, ta ló ń bọ́ sínú irú ìjì yẹn tó ń jáde? Ó kàn ṣáájú àwọn tó kọ eré sọ ọ́ ni.

Nígbà tí Sàúdátù dé lọ́jọ́ kejì, ẹnu géètì ni Evelyn ti pàdé rẹ̀.

"Ìyá Haleemah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ eré yẹn létí Màmá mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ìgbà díẹ̀ ná."

"Yéè! Kò burú. Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní mò ń gbàdúrà."

Iṣẹ́ tí Evelyn jẹ́ fún Màmá yàtọ̀. "Sàúdátù ní òun ò ráyè, Mọ́mì. Ó ní ọ̀rọ̀ yín ti ń pọ̀ jù fún òun."

"Sàúdátù ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni, Mọ́mì."

Màmá rọra mi orí. Kò tún béèrè Sàúdátù. Bí Sàúdátù bá sì yà, Evelyn á ní Màmá ń sùn.

Báyìí, kò sí ojú mìíràn nínú ilé bí kò ṣe ti Evelyn. Ambrose kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́. Tiwalọlá, ohun tó wà nínú fóònù tirẹ̀ ló ń wò. Eré ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n Evelyn ò sọ fún Màmá. Bí aago méje bá lù, á tan eré òyìnbó mìíràn, èyíkéyìí tí obìnrin bá ti ń sunkún nínú rẹ̀, á sì máa túmọ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ.

Ó sin Ráfẹ́lì fún un. Ó sọ irú pósí tí wọ́n rà. Ó sọ bí Felisíta ṣe fẹ́ kó sínú sàréè tí wọ́n fà á jáde. Ọjọ́ tí kò bá rí nǹkan sọ, á tún dá ẹ̀kún mìíràn sílẹ̀. N ò ní parọ́ fún yín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń sọ. Níbí, tirẹ̀ ni, Màmá sì ń fi omijé gbà á.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Mọ́mì, Felisíta ti gbà fún Ọlọ́run o. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ lónìí. Ó ní òkú kì í lo bẹ́ẹ̀dì. Ó fi yàrá Ráfẹ́lì fún ọmọ àbúrò ẹ̀ kan tí kò ríbi sùn."

Ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó bọ́ okùn náà kọjá orí gèlè rẹ̀.

"Gbà. Bí Felisíta bá lè ṣe é, èmi náà á ṣe é. Ní kí Tiwa kó wọlé."

Tiwalọlá fò mọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe rí i ṣe?" Evelyn ní, "Àdúrà ni." Wọ́n fi fóòmù Dayọ̀ àti aṣọ rẹ̀ tọrẹ fún ọlọ́dẹ òpópónà.

Ibi tí Evelyn fẹ́ kó dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti gbé sí Màmá lọ́kàn ò dúró.

Ọjọ́ kan ni Màmá yọ fóònù kékeré lábẹ́ ìrọ̀rí. "Ẹ má fi sínú iná mọ́. Ta ló ń pè mí?" Evelyn ṣí dúróà, ó jù ú sí i. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò sọ.

Ọjọ́ kan náà ni Màmá ránṣẹ́ sí fíkà pé, ní Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ń rántí àwọn òkú ìjọ, kí wọ́n ka orúkọ Dayọ̀ mọ́ wọn. Ambrose fárí gá. "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín pé àbúrò mi ti kú?"

"Èmi ni mo bí i. Mo ti jọ̀wọ́ ẹ̀. Má bá mi jà."

Ọjọ́ náà dé. Fíkà gbàdúrà ní gẹ̀ẹ́sì fún ìsinmi ọkàn Dayọ̀, ó sì dákẹ́. Ó ń dúró de ògbufọ̀.

Gbogbo ìjọ ń dúró de ògbufọ̀.

Evelyn gbé ẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Fún ìsinmi ọkàn ìránṣẹ́ rẹ, Dayọ̀, tí ó ti lọ ṣíwájú wa." Ìjọ ní, "Àmín." Àmín ti Màmá ló dé kẹ́yìn. Ambrose bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ gbá Evelyn mọ́ra. Wọ́n ní òun gan-an ló gbé àdúrà náà wọ àwọn lára.

Ọdún yí po. Apá kejì eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò tíì parí tí Ráfẹ́lì fi lajú lórí ibùsùn nílé àwọn ẹlẹ́sìn kan tó yọ ọ́ nínú omi, ní erékùṣù ọ̀nà jíjìn, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu, ó sì sọ̀rọ̀.

Etí Màmá ti nà.

"Ìyàwó, ohùn ta nìyẹn?"

"Ohùn wo, Mọ́mì?"

"Èyí tó sọ̀rọ̀ tán yẹn. Ohùn Ráfẹ́lì ni."

"Rárá o. Ìbátan ẹ̀ ni. Wọ́n jọra lóhùn."

"Ìbátan tó ń pe màmá? Mo gbọ́ 'màmá'. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀."

Evelyn ní, "Felisíta ń lá àlá ni, Mọ́mì. Ohùn òkú lẹ gbọ́ yẹn."

Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí Ráfẹ́lì bá ti la ẹnu, Màmá fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé, "Pa á lẹ́nu mọ́, Ìyàwó. Mi ò fẹ́ gbọ́ òkú." Evelyn á yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ìyá tó ń retí ohùn yẹn láti ọjọ́ yìí ló ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa á.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é dé ìparí.

Ọ̀sẹ̀ tí eré máa parí, gbogbo Àgùdà ló ń sọ ọ́. Nínú ọkọ̀, nídìí omi, níwájú ilé ìwé, gbogbo èèyàn ń bá Felisíta dágbére bí ẹni pé ó ń kó kúrò ládùúgbò. Evelyn ti múra sílẹ̀. Ó ti pinnu pé tẹlifíṣàn máa bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé náà.

Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kí aago méje lù, iná ilé Sàúdátù lọ. Kí Evelyn tó dé ìdí tẹlifíṣàn, Sàúdátù ti wọlé, òun àti Haleemah ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ìpápánu nínú ike.

"Ìyá Tiwa, ẹ fàyè gbà wá, ẹ̀yin lẹ ní jẹnẹrétọ̀! Ìyá Alábọ́, ẹ ti sinmi tó o. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí ẹ dá nìkan bá Felisíta dágbére."

Màmá yí ojú sí ibi tí ohùn ti wá. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ta? Ìwọ Sàúdátù, ṣebí ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù fún ẹ?"

"Ọ̀rọ̀ yín kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Eré ti bẹ̀rẹ̀," Evelyn yára sọ. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́." Ambrose wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ó fa àga, ó jókòó.

Orin eré ró. Evelyn bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. "Felisíta ń gbálẹ̀, Mọ́mì. Ó... ó ń palẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kó kúrò nílé yẹn..."

"Ìyá Tiwa, kí lẹ̀ ń sọ?" ni Haleemah wí. "Ó ń se oúnjẹ fún un ni."

"Fún ta?" ni Màmá bi í.

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Sàúdátù ti fò dìde. Ó ń patẹ́wọ́.

"Ó dé! Yéè, ó dé! Màmá, ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà! Ilẹ̀kùn ò tì o! Ráfẹ́lì wọlé!"

"Ráfẹ́lì wo?"

"Ráfẹ́lì kan náà! Ọmọ Felisíta!"

"Èyí tí ẹja jẹ ojú ẹ̀?"

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Sàúdátù. Ó rò pé Màmá ń ṣàwàdà ni. "Ẹja ti ibo?"

"Èyí tí wọ́n sin. Tí wọ́n fi yàrá ẹ̀ tọrẹ."

"Màmá," Haleemah rọra sọ, "Ráfẹ́lì ò kú rí. Ó pẹ́ tó ti ń bọ̀ wálé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì la ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀."

Lórí tẹlifíṣàn, Felisíta ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lójú. Nínú pálọ̀ Àgùdà, Ambrose ń wo ìyàwó rẹ̀. Sàúdátù náà yíjú sí i. Evelyn ń wo ilẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Fóònù mi dà?" ló wí. "Ẹ bá mi wá fóònù mi."

Ambrose tú dúróà. Wọ́n fi fóònù náà sínú iná, ó tàn, ṣùgbọ́n síìmù inú rẹ̀ ti kú. Bí èèyàn bá pa nọ́ńbà tì pẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù a máa gbà á, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Ambrose fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà náà, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ọkùnrin kan gbé e. Ó ní Abdulmuiz ni òun, Ìlọrin ni òun wà, òun sì ra síìmù náà lọ́nà tó mọ́.

"Ọ̀gá, a ò bá ẹ jà," ni Ambrose wí. "Ṣé ẹnìkan ti pe nọ́ńbà yìí rí, tó ń wá ìyá kan?"

"Ẹ̀hẹ́n! Ẹnìkan ń pè mí ṣá nígbà kan. Nọ́ńbà ẹ̀ kì í hàn, ohùn ẹ̀ ń já. Ó ní òun ń wá Ìyá Alábọ́. Mo ní kò sí Ìyá Alábọ́ níbí, abọ́ ló kù tí mo máa tà? Ó tún pè, ó ń sunkún, ó ní kí n má pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ bí àwọn ọmọ jìbìtì ṣe pọ̀. Mo ṣépè fún un. Kò pè mọ́."

Sàúdátù ké. Tiwalọlá, tó ti jáde láti inú yàrá Dayọ̀, di òpó ilẹ̀kùn mú. Màmá nìkan ni kò ké. Evelyn ti nà gbalaja sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Eré ni mo pè é. Mo pè é ní eré."

Màmá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Wọn ò lé Evelyn jáde. Ì bá sàn fún un. Ambrose ń jẹun rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Tiwalọlá kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìpọ̀nrí. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò lè sùn nínú yàrá yẹn mọ́." Evelyn lọ jẹ́wọ́ fún fíkà, wọ́n sì gba ipò ògbufọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ìjọ tó ń gbá a mọ́ra tẹ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà kejì.

Màmá kó lọ sí yàrá Dayọ̀. Bí aago méje bá lù, pẹ̀lú tẹlifíṣàn ní pípa, á ní kí wọ́n pe Sàúdátù wá jókòó ti òun. Á wá ké sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kì í pè é ní Ìyàwó mọ́.

"Ògbufọ̀! Àkókò tó. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o ti pa á."

Evelyn á dúró, á sì máa sọ eré náà bó ṣe rí gan-an.

"Wọ́n rí ọkọ̀ ẹ̀, òfìfo, Mọ́mì."

"Sàúdátù, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"Wọn ò rí òkú kankan."

"Sàúdátù, ṣé òótọ́ ni?"

Sàúdátù gan-an bẹ̀bẹ̀ títí. "Ìyá Alábọ́, ẹ jẹ́ kó tó báyìí, nítorí Ọlọ́run." Màmá ní, "Kò tíì dé ibi tí Ráfẹ́lì ti wọlé." Bí Evelyn bá sì sọ ọ́ dé ibi tí Ráfẹ́lì ti wọlé, Màmá á ní, "Ó dára. Ọ̀la, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o ti pa á." Bí ó bá ní kí Evelyn bá òun wo àwọ̀ ọbẹ̀ tàbí bóyá òjò ti ṣú, gbólóhùn kan náà ni: Sàúdátù, Haleemah, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, ṣé òótọ́ ni?

Evelyn ń dáhùn. Ojoojúmọ́ ló ń dáhùn.

Nígbà ọyẹ́, àìsàn àyà dá Màmá dúbúlẹ̀. Ó kọ ilé ìwòsàn. Ó ní orí bẹ́ẹ̀dì yàrá yẹn ni òun máa wà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá, kí wọ́n ṣí ti pálọ̀, kí wọ́n ṣí géètì. Wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀. Láti orí ibùsùn, èèyàn lè wo òkèèrè dé òpópónà.

Ọ̀sán gangan ni. Ambrose jókòó lẹ́bàá ibùsùn, Tiwalọlá ti dé, Sàúdátù àti Haleemah dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Èémí Màmá ti ń já. Ó la ojú tí kò ríran.

"Evelyn."

Wọ́n wo ara wọn. Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ yẹn kẹ́yìn.

"Mo wà níbí, Mọ́mì."

"Ṣé ilẹ̀kùn ṣí?"

"Ó ṣí, Mọ́mì. Gbogbo ẹ̀ ló ṣí."

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Bá mi wò ó. Ṣé Dayọ̀ ni?"

Ambrose gbójú sókè. Omijé ti bo ojú rẹ̀. Ó fi ẹnu lásán sọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀, láìjẹ́ kí ohùn jáde: *Sọ pé òun ni.* Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ yìí. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, pé òun máa ṣe ohùn Dayọ̀, òun máa di ọwọ́ ìyá òun mú. Sàúdátù náà ń mi orí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Haleemah ń mi orí. Tiwalọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ilé ló ń bẹ Evelyn pé kó parọ́.

Ó rọrùn. Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ?

Evelyn dìde, ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó wò ó dáadáa.

"Mo rí ilẹ̀kùn pálọ̀, Mọ́mì. Mo rí bàtà Ambrose níbẹ̀. Mo rí aṣọ tí a sá, afẹ́fẹ́ ń gbé e. Mo rí géètì, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ tí ẹ gbọ́ ti kọjá, omi ló rù." Ó yí padà sí Màmá. "Kì í ṣe Dayọ̀, Mọ́mì. Kò sí ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà."

Ambrose ṣubú lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé.

Sàúdátù nu ojú, ó tẹ̀ síwájú, ó ń dúró kí Màmá bi òun.

Màmá ò bi í. Ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan ọwọ́ Evelyn, ó dì í mú bó ṣe dì í mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ojú rẹ̀ kú, ó sì mí èémí tó kù nínú rẹ̀ jáde.

Ohun tí ojú Evelyn rí ni ẹnu rẹ̀ sọ.